Ta Ló Dá Kí Ni? Lámèyítọ́ Ìlànà Owó Ìrànwọ́ Alájọdá fún Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Chicago

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ka ìlànà owó ìrànwọ́ alájọdá, èyíinì ni owó tí olówó kò ní mú sílẹ̀ àfi bí ẹni tí ó tọrọ rẹ̀ bá dá ìpín tirẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ tí ó yẹ fún lámèyítọ́. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àgbà tí wọ́n ṣí wá sí Chicago ni ó gbé yẹ̀ wò, ó sì fi ìlànà òde òní wé òfin ẹ̀kọ́ Èkó ti ọdún 1882. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé, ní ibi méjèèjì, èdè Yorùbá ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì ṣùgbọ́n kò sí nínú ìṣirò. Ó fi hàn pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ láti ka iṣẹ́ èdè náà mọ́ ìpín ẹgbẹ́, àti pé ẹgbẹ́ tí kò bá lo àyè náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òdo síwájú èdè rẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá mọ àjọdá dáadáa. Nínú àáró, àgbẹ̀ kan yóò bá ẹnìkejì rẹ̀ roko lónìí, ẹnìkejì yóò wá bá a ro tirẹ̀ lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna yóò kóra jọ síbi iṣẹ́ ẹnì kan, ẹni tí ó ni iṣẹ́ yóò sì wá oúnjẹ fún wọn. Ní ti èsúsú, Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: oníkálukú ń mú iye tí wọ́n fẹnu kò sí wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá, àpapọ̀ rẹ̀ sì ń yí ká láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun kan so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn tí wọ́n ń dá ni wọ́n jọ mọ òṣùwọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò mú ìpín tirẹ̀ wá tí ojú ẹgbẹ́ kò ní rí i.

Owó ìrànwọ́ alájọdá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá èsúsú ni òun. Olówó yóò ní òun fẹ́ ran ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ tí ó tọrọ owó náà dá tirẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Yorùbá náà gbà pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Àmọ́ ìbéèrè tí ẹlẹ́gbẹ́ èsúsú ti dáhùn kí wọ́n tó dá kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀ níbí: ta ni ó ń sọ ohun tí a ó kà sí ìpín?

Ní Chicago, ìdáhùn ìbéèrè yìí kan ìgbésí ayé ènìyàn. Ó kan ìyá tí ọmọ rẹ̀ mú wá láti Ìṣẹ́yìn, tí ó ti fi èwe àti àgbà ṣòwò láìlo Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wá di ẹni tí kò lè ka ìwé tí ilé-ìwòsàn fi ránṣẹ́ sí i. Ó kan oníṣẹ́ ọwọ́ láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ó kan ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ìjọ tí wọ́n ń kọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́ nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n fẹ́ tọrọ owó kí iṣẹ́ náà má baà kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n pa ìwé ìbéèrè dé nígbà tí wọ́n kan ibi tí a ti ní kí wọ́n kọ ìpín tiwọn. Wọ́n gbà pé àwọn kò ní nǹkan kan tí àwọn lè dá. Lámèyítọ́ yìí ń sọ pé wọ́n ní, àti pé apá pàtàkì nínú ohun tí wọ́n ní ni èdè Yorùbá.

Ìnáwó ni wọ́n jọ pín

Òfin tí owó ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àgbà ń gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni Workforce Innovation and Opportunity Act, tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2014. Apá kejì rẹ̀ ni ó dá lórí ẹ̀kọ́ àgbà. Ìjọba àpapọ̀ ń fi owó náà ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀. Ní Illinois, Illinois Community College Board ni ó ń pín in fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ àdúgbò. Truman College ní Uptown, ọ̀kan nínú àwọn City Colleges of Chicago, wà lára ibi tí àwọn tí wọ́n ṣí wá ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá, ó kéré tán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí a ó ná lórí ẹ̀kọ́ àgbà níbẹ̀. Orí ìpínlẹ̀ ni òfin yìí gbé ẹrù náà lé. Bí ó bá di owó ìrànwọ́ mìíràn, yálà láti ẹ̀ka ìjọba mìíràn tàbí láti ọwọ́ àjọ aládàáni, ẹrù náà lè bọ́ sórí ẹgbẹ́ kékeré tí ó tọrọ owó fúnra rẹ̀.

Níbi tí owó ìjọba àpapọ̀ bá ti wà nínú rẹ̀, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìpín ẹgbẹ́ wà ní apá 200.306 nínú abala kejì àkójọ ìlànà ìjọba náà. Illinois sì ti fi òfin tirẹ̀, Grant Accountability and Transparency Act ti ọdún 2014, mú owó ìpínlẹ̀ wá sábẹ́ irú ìlànà kan náà. Orúkọ tí ìwé ìlànà náà fún àjọdá yìí yẹ fún àkíyèsí. Ìnáwó ni ó ní kí a pín. Kò dárúkọ ìpinnu, kò sì dárúkọ òṣùwọ̀n. Ẹlẹ́gbẹ́ èsúsú ní ẹnu nínú bí owó yóò ṣe yí ká. Ẹgbẹ́ tí ó tọrọ owó ìrànwọ́ bá òṣùwọ̀n nílẹ̀ ni, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó bá a mu.

Ibi tí àìdọ́gba yìí ti hàn jù lọ ni ìtumọ̀ tí òfin 2014 fún akẹ́kọ̀ọ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, ẹni tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí agbára rẹ̀ láti kà á, láti kọ ọ́, láti sọ ọ́ tàbí láti gbọ́ ọ kò tó, tí èdè abínibí rẹ̀ jẹ́ èdè mìíràn, tàbí tí ó ń gbé láàárín ẹbí tàbí àwùjọ tí èdè mìíràn ti gbilẹ̀. Èdè abínibí wọ inú gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àìtó ni ó gbà wọlé. Ìyá Ìṣẹ́yìn yẹn mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀. Ó mọ ìṣirò ọjà láìlo bírò. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pẹ̀tù sí ìjà láàárín ẹbí. Nínú ìtumọ̀ òfin, gbogbo ìmọ̀ yẹn kó ara jọ di ẹ̀rí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Lẹ́yìn ìtumọ̀, ìdánwò ni ó kàn. Ìtẹ̀síwájú tí a lè wọ̀n wà lára àmì àṣeyọrí tí òfin náà là sílẹ̀, àwọn ìdánwò tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò náà ń wọ̀n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe dé ibẹ̀, àti èdè tí ó gùn bí àkàbà kí ó tó dé ibẹ̀, kò sí lójú ìwé àbọ̀.

Èkó, ọdún 1882

Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe àjèjì sí ètò yìí. Láti ọdún 1877, ìjọba Èkó ń fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere mẹ́ta, CMS, Wesleyan àti Kátólíìkì, ní £200 lọ́dọọdún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi ran ilé-ìwé wọn lọ́wọ́. Owó náà kò tó gbé ilé-ìwé ró. Ìdáwó inú ìjọ, owó ilé-ìwé àti owó tí ó ń ti òkè òkun wá ni wọ́n fi ń kún un. Àjọdá ni, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1882, òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jáde, èyí tí ó kan Èkó àti Gold Coast pọ̀ nítorí abẹ́ ìṣàkóso kan ni wọ́n wà nígbà náà. Wọ́n yan Metcalfe Sunter ní alábòójútó ilé-ìwé fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá sí ilé-ìwé àti bí wọ́n ṣe ṣe sí nínú ìdánwò wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ iye owó tí ilé-ìwé yóò gbà. Kíka Gẹ̀ẹ́sì, kíkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni ìdánwò náà dá lé. Lẹ́yìn tí wọ́n ya Èkó kúrò lára Gold Coast ní ọdún 1886, òfin ti Èkó nìkan jáde ní ọdún 1887, ètò owó ìrànwọ́ sì ń bá a lọ.

Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa àsìkò yìí ni pé ìjọba amúnisìn lé Yorùbá kúrò ní ilé-ìwé. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo ìlànà owó náà, yóò rí i pé ọ̀nà tí ó gbà ṣẹlẹ̀ jinlẹ̀ ju lílé lọ. Yorùbá ń gbilẹ̀ ní àsìkò kan náà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ti kọ́ àwọn ènìyàn láti máa ka èdè wọn. Odidi Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther ṣe bẹbẹ lórí rẹ̀, parí ní ọdún 1884. Olùkọ́ tí ó fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dúró fún kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Àmọ́ wákàtí tí ó lò fún àlàyé náà kò mú owó wọlé. Òfin 1882 kò nílò láti fòfin de Yorùbá. Ó tó kí ó má kà á. Nígbà tí ó fi máa pẹ́, àwọn alákòóso ilé-ìwé fúnra wọn ń gé wákàtí Yorùbá kù nítorí pé ohun tí a kò kà kò lè san owó olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà kíákíá. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tí owó rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà tí Thomas Jesse Jones sì darí, ni ó gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 1922 tí ó dámọ̀ràn kí a fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ogójì ọdún ni ó wà láàárín òfin 1882 àti àmọ̀ràn yẹn. Ìran méjì ti gba ilé-ìwé kọjá.

Ọdún 1889 ní Illinois

Illinois pẹ̀lú ti jà irú ìjà yìí rí, àwọn ará Jámánì ni ó sì kàn. Ní ọdún 1889, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Edwards Law ní kí gbogbo ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà, títí kan ti ìjọ, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn iṣẹ́ pàtàkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba kò ní kà wọ́n sí ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ìjọ Lùtérù àti Kátólíìkì tí wọ́n jẹ́ ará Jámánì ta kò ó. John Peter Altgeld, tí wọ́n bí ní Jámánì, wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà nínú ìdìbò ọdún 1892, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní ọdún 1893.

Ní ọdún 1889 yẹn kan náà, Jane Addams àti Ellen Gates Starr ṣí Hull-House ní òpópónà Halsted ní Chicago. Wọ́n ń kọ́ àwọn tí wọ́n ṣí wá ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Addams kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn òbí wọn. Ní ọdún 1900, ó dá ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nínú ilé náà, níbi tí àwọn ìyá ti ń rànwú, tí wọ́n ń hunṣọ bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú wọn, kí àwọn ọmọ lè rí wọn ní ipò olùkọ́. Ohun tí Edwards Law wò ní ìdíwọ́ ni Hull-House wò ní ìmọ̀. Ìlú kan náà, ọdún kan náà, àwọn ènìyàn kan náà. Bí a ṣe kà wọ́n ni ó yàtọ̀.

Ìlànà ìjọba ṣì ń fì sí ọ̀tún fì sí òsì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tí ó sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba Amẹ́ríkà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, owó ẹ̀kọ́ àgbà tí ó yẹ kí ó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje kò jáde lásìkò; ìparí oṣù náà ni ìjọba tó kéde pé òun yóò tú u sílẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí a fi ń kọ́ ọ sì há sọ́nà. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìpín tirẹ̀ nílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì ní irú oṣù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí láti Ifẹ̀

Ẹnì kan lè ní owó Gẹ̀ẹ́sì wà fún Gẹ̀ẹ́sì, àti pé kíkó Yorùbá wọ inú rẹ̀ jẹ́ àrékérekè. Ìdáhùn tí ó lágbára jù sí àtakò yìí ti wà nílẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Babs Fáfúnwá ni aṣíwájú rẹ̀. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́. Àbọ̀ ìwádìí náà, tí ó di ìwé Education in Mother Tongue ní ọdún 1989, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ó tọ́ láti fi ààlà sí ohun tí ẹ̀rí yìí lè gbé. Ọmọdé ni wọ́n kọ́ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, àgbà ni wọ́n ń kọ́ ní Chicago. Yorùbá yí àwọn ọmọ yẹn ká ní ilé àti lọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó yí àgbà Chicago ká. Síbẹ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ fìdí ohun kan múlẹ̀ tí ìlànà owó ìrànwọ́ kò tíì gbà wọlé: Yorùbá lè jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí gbọ̀ngàn àti ìwé ti jẹ́. Ohun èlò iṣẹ́ sì ní iye.

Àyè tí òfin fi sílẹ̀

Ibí ni ó ti yẹ kí lámèyítọ́ yí ojú sí ẹgbẹ́ tí ó tọrọ owó. Apá 200.306 le, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Ó gbà kí ìpín ẹgbẹ́ jẹ́ owó tàbí ohun tí kì í ṣe owó. Iṣẹ́ tí olùyọ̀ǹda ṣe lè jẹ́ ìpín bí ó bá jẹ́ apá tí iṣẹ́ tí a fọwọ́ sí kò lè ṣe láìsí. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹgbẹ́ náà ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu; bí ẹgbẹ́ kò bá ní irú òṣìṣẹ́ yẹn, iye tí ọjà iṣẹ́ ládùúgbò ń san ni wọn yóò lò. Gbọ̀ngàn tí ẹlòmíràn yọ̀ǹda lè jẹ́ ìpín, kò kàn gbọdọ̀ ju iye tí a ń fi irú yàrá bẹ́ẹ̀ háyà ládùúgbò lọ. Bí gbọ̀ngàn bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí ó tọrọ owó fúnra rẹ̀, ìlànà mìíràn ni ó kàn án. Gbogbo ìpín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí a lè yẹ̀ wò, a kò sì gbọdọ̀ ka ohun kan náà mọ́ owó ìjọba àpapọ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì nínú ìlànà yìí ni ọjà iṣẹ́. Ní Chicago, Yorùbá ní iye lọ́jà iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ àti ilé-ìwòsàn ń san owó fún ògbufọ̀. Ètò Fulbright tí ń mú olùkọ́ èdè wá láti òkè òkun ń mú ọmọ Nàìjíríà wá kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Àjọdá ni ètò náà pẹ̀lú, yunifásítì ń dá tirẹ̀, ìjọba ń dá tirẹ̀. Èdè tí a ń fi wákàtí díyelé ní ilé-ìwòsàn kò yẹ kí ó di òfo nígbà tí ó bá wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣirò kan yóò là á yé. Ká ní ẹgbẹ́ kan tọrọ $30,000, tí olówó sì ní kí ìpín ẹgbẹ́ jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ìnáwó. Àpapọ̀ ìnáwó di $40,000, ìpín ẹgbẹ́ di $10,000. Bí ó bá jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrànwọ́ nìkan ni olówó béèrè, $7,500 ni ìpín náà ì bá jẹ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kọ nǹkan kan. Olùyọ̀ǹda méjì wà. Ọ̀kan ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ń fi Yorùbá ṣàlàyé, ó ń ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń pe àwọn tí kò wá kí wọ́n má baà sọ ẹ̀kọ́ nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́ wákàtí 4 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 40, èyíinì ni wákàtí 160. Bí iye irú iṣẹ́ méjèèjì ládùúgbò bá jẹ́ $25 fún wákàtí kan, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ $4,000. Ìjọ kan yọ̀ǹda gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìgbà 80 lọ́dún. Bí iye ìháyà rẹ̀ bá jẹ́ $25 nígbà kọ̀ọ̀kan, ó di $2,000.

Ẹgbẹ́ tí ó ka olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti gbọ̀ngàn nìkan ní $6,000. Ìwé ìbéèrè rẹ̀ kú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ka ẹni tí ń fi Yorùbá ṣàlàyé pẹ̀lú ní $10,000 gééré. Ènìyàn kan náà ni, ó wà nínú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ohun tí kíkà náà ń gbà

Àtakò kejì ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá kọ wákàtí ìyá ìjọ tí ń fi Yorùbá ṣàlàyé sílẹ̀, a ti sọ inú rere rẹ̀ di iye owó. Yóò máa fọwọ́ sí ìwé wákàtí bí òṣìṣẹ́. Olùyẹ̀wò ìwé owó lè béèrè ẹ̀rí. Ohun tí ó ń ṣe nítorí Ọlọ́run tàbí nítorí ìlú yóò di ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Bákan náà ni ewu wà pé ẹgbẹ́ yóò dá ìpín ńlá láti fa ojú olówó mọ́ra, tí kò sì ní lè mú un ṣẹ. Ìpín tí a ti kọ sínú ètò ìnáwó tí a fọwọ́ sí di gbèsè. Èyí tún burú síi níbi tí owó ìrànwọ́ bá jẹ́ èyí tí a ń san padà lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bá ti ná tirẹ̀ tán.

Ewu wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹgbẹ́ kọ ìwọ̀nba tí ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n ìtàn Èkó fi hàn pé àìkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ní owó tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 1882 ṣe inú rere, wọn kò sì fọwọ́ sí ìwé wákàtí kankan. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ń wá ẹ̀rí ohun tí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ yege, kò sí ojú ewé kan tí Yorùbá ti jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí inú rere ìyá ìjọ wà láìlábàwọ́n lè bi í léèrè fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tọ́ kí a dáhùn fún un nípa fífi ojú ewé náà sílẹ̀ lófìfo.

Ìgúnlẹ̀

Ìlànà owó ìrànwọ́ alájọdá jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ bí ìwé yòókù. Ó ní olùsọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ní ohun tí ó ń rí àti ohun tí ojú rẹ̀ fò. Kíka irú ìwé yìí pẹ̀lú ojú lámèyítọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yorùbá tí wọ́n wà lókè òkun lè ṣe fún ẹgbẹ́ ìlú wọn, ní àfikún sí kíka ewì àti ìtàn àròsọ. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń fa ìtumọ̀ yọ nínú oríkì kò ní ṣàìmọ ohun tí gbólóhùn kan nínú apá 200.306 gbà láàyè àti ohun tí kò gbà láàyè.

Iṣẹ́ mẹ́ta wà nílẹ̀ tí kò béèrè owó ńlá. Èkíní ni kí àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọ́ àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wákàtí aṣàlàyé èdè sílẹ̀ lónìí, kí wọ́n tó rí ìkéde owó kankan, nítorí a kì í fi ọjọ́ kan ṣoṣo kó ẹ̀rí ọdún kan jọ. Èkejì ni kí àwọn onímọ̀ èdè bá wọn ṣe àkọsílẹ̀ iye tí ilé-ìwòsàn, ilé-ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ń san fún iṣẹ́ Yorùbá ládùúgbò, kí ẹgbẹ́ lè fi í ti ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta kan àwọn olówó fúnra wọn: kí wọ́n dárúkọ àlàyé ní èdè abínibí nínú ìkéde wọn gẹ́gẹ́ bí ìpín tí wọn yóò gbà. Gbólóhùn kan péré ni yóò gbà. Títí tí wọn yóò fi kọ ọ́, ọwọ́ ẹgbẹ́ ni ó wà láti kọ Yorùbá sí ibi tí a ti ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mú wá.